Agẹmọ Tó Yé Ẹyin sí Ẹ̀bá Kànga: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé, 8 Oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo jáde sẹ́yìnkùlé láti lọ ká aṣọ tí mo sá. Mo bá àwọn ọmọ ilé mẹ́rin lẹ́bàá kànga, wọ́n yí nǹkan kan ká, wọn ò sọ̀rọ̀. Ọmọdé tó bá dákẹ́ lásìkò eré, nǹkan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ni mo bá sún mọ́ wọn. Àgbà inú wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti mú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dání. Agẹmọ kan ló wà nílẹ̀ níwájú wọn. Ó ti ki orí bọ erùpẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́lẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má sún mọ́ ọn o! Tó bá tutọ́ sí yín lójú, ẹ ó fọ́jú ni."

Mo ní kó sọ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀.

Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ti ya agẹmọ sójú pátákó láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n n kò fojú ara mi rí abo tó ń wá ibi tí yóò yé sí rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ náà títí di Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni mo kọ síbí yìí. Inú ìwé kékeré kan tí mo ń kọ nǹkan sí nígbà náà ni mo ti mú ọjọ́ àti ìwọ̀n.

Párákìn, àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀, ni ilé náà wà, ilé oníyàrá mẹ́fà. Bàbá onílé àti ìdílé wọn ló ń gbé apá kan, àwa ayálégbé mẹ́ta pín apá tó kù. Ẹ̀yìnkùlé kò tóbi: kànga, okùn aṣọ, igi máńgòrò kan, àti ewúro tó tò gba ara ògiri lọ. Inú ewúro yẹn ni agẹmọ yìí ń gbé. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di ọjọ́ náà, tó ń gbé ẹsẹ̀ lórí ẹ̀ka, tó ń mì lọ mì bọ̀ kó tó gbé e lélẹ̀. Nígbà yẹn àwọ̀ ewé ló wọ̀, ojú ní láti pẹ́ lára ẹ̀ka kó tó rí i. Ní ọjọ́ Sátidé yìí kò fara pamọ́ mọ́. Ara rẹ̀ ti ṣú, ó ní àmì tótòtó, ikùn rẹ̀ sì wú débi pé ẹyin to lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ngbọ̀n-gbọ́ngbọ̀n bí ẹ̀wà tutù nínú èèpo.

Orí igi ni ayé agẹmọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ọmọ ìka rẹ̀ pín sọ́nà méjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ìrù rẹ̀ tó ń ká mọ́ ẹ̀ka, ojú rẹ̀ tí ọ̀kan lè máa wo iwájú kí èkejì máa wo ẹ̀yìn, igi ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Bó bá ti délẹ̀, ó ti di ẹran ọdẹ. Kò lè sáré. Ajá lè pa á, ológbò lè pa á, adìẹ lè ṣá a jẹ, ọkọ̀ lè tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, irú tiwa yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chamaeleo gracilis, kò lè yé ẹyin sórí igi. Àfi kó sọ̀ kalẹ̀ wá ilẹ̀, ilẹ̀ tó rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ká, tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, tí oòrùn sì ń dé. Bí abo agẹmọ ò bá rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹyin yóò há sí i nínú, ẹyin náà ni yóò sì pa á. Ẹni tó bá rí agẹmọ nílẹ̀ tó ń rìn káàkiri bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀, kó má rò pé ó ṣìnà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi ìkúnlẹ̀ ló ń wá.

Láti aago mẹ́rin títí di ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú ló fi gbẹ́ ihò náà. Ọwọ́ iwájú ló fi ń ha erùpẹ̀, á fi tẹ̀yìn tì í jáde. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á yọ orí síta. Erùpẹ̀ á ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀ tó rí ṣóńṣó bí òkòtó, á yí ojú náà po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, erùpẹ̀ á dà nù, á tún wọlé lọ. Nígbà tó di aago méje, ìrù nìkan ló kù níta. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó ní aago mẹ́sàn-án, orí ló kọ síta. Ó ti yí padà nínú ihò, ó fi ìdí sísàlẹ̀, ó ń yé. Mo pa tọ́ọ̀ṣì kíá. Nítorí ológbò Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé ilé náà, mo gbé àpótí síta, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ti ń kó erùpẹ̀ padà. Ó fi ọwọ́ fà á, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó tún gbé ẹsẹ̀ kejì, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bàbá onílé jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, wọ́n dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe yẹn? Ó ń dán ilẹ̀ wò ni."

Ọmọ Ifẹ̀ ni Bàbá, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ. Nígbà tí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tan erùpẹ̀ sójú omi tán, agẹmọ ni Olódùmarè rán wá láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Nígbà àkọ́kọ́ ó padà lọ jíṣẹ́ pé ilẹ̀ ti fẹ̀, àmọ́ kò tíì gbẹ tó. Nígbà kejì ló tó sọ pé ó ti gbẹ. Àwọn àgbà ní ìdí tó fi ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ kò dá lójú nìyẹn. Èmi ọmọ Iléṣà gbọ́ ìtàn yẹn ní kékeré, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i lójú ara mi: agẹmọ tó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ Ifẹ̀, tó dúró, tó tún fi èkejì tẹ̀ ẹ́.

Bàbá tu pákò sílẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kọnkéré ń bọ̀ o, Tíṣà."

Agẹmọ náà kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Egungun ìdí rẹ̀ ti yọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wọnú bí àpò tí wọ́n da gàrí inú rẹ̀ kúrò. Ó gun ewúro, ó gba orí ògiri, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò. Mo padà sẹ́bàá ihò, mo ń wọn ibi tó wà sí ara kànga. Àṣìṣe mi nìyẹn, ó sì ń dùn mí di bí mo ti ń kọ èyí. Ihò ni mo ṣọ́, n kò ṣọ́ ìyá. Ó yẹ kí n tẹ̀ lé e, kí n rí i pé ó rí igi gùn, nítorí ọjọ́ tí agẹmọ bá yé ẹyin ni kì í ní agbára kankan mọ́. Lọ́sàn-án, ọmọ tó mú búlọ́ọ̀kù lánàá ló wá pè mí. Kò lè sọ ọ́ tán. Àwọn ọmọṣẹ́ káfíńtà tó wà lẹ́yìn ògiri ti sọ ọ́ lókùúta pa, wọ́n sì ti fi igi tì í sínú gọ́tà. Mo gbé e jáde, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Láti imú dé ìparí ìrù, sẹ̀ǹtímítà 27.

Mo lọ bá àwọn ọmọ náà. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, kì í ṣe ìkà. Wọ́n ní itọ́ rẹ̀ ń fọ́ ojú, pé wọn ò fẹ́ kó tutọ́ sí ẹnikẹ́ni lára. Agẹmọ ò ní oró, kì í sì í tutọ́ síni. Bí ẹ̀rù bá bà á, á fẹ ara rẹ̀ kó lè dà bí ẹni ńlá, á la ẹnu, á máa mí hìì-hìì. Kò ní ohun mìíràn láti fi jà. Ejò tó ń tutọ́ síni lójú wà lóko wa lóòótọ́, agẹmọ ló sì ń jìyà rẹ̀. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wọlé padà, Ìyá Ìbejì rí ojú mi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù, Àǹtí. Agẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ."

Ta ni kò mọ òwe yẹn? Mo ti fi gbọ́ ìbáwí rí lẹ́nu ìyá mi. Ọ̀rọ̀ àbíkọ́ ni mo rò pé ó jẹ́, pé òbí ti ṣe tirẹ̀. N kò ronú rí pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà ti gbọ́dọ̀ jókòó wo agẹmọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí gẹ́lẹ́. Agẹmọ yìí kì í sàba, kì í padà wá bẹ ẹyin wò, kì í já oúnjẹ sí ọmọ lẹ́nu. Bó bá ti tẹ erùpẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ìyá ti parí. Ikú tó pa á lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni wọ́n nílò.

Ilẹ̀ náà gan-an ló wá di ọ̀rọ̀.

N kò ní ṣe Bàbá onílé ní ẹni burúkú nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ní Oṣù Keje ọdún yẹn, Màmá onílé yọ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá kànga kan náà, ọrùn ọwọ́ wọn sì ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi gbé ọwọ́ kọ́rùn. Bàbá ti búra pé òjò ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá erùpẹ̀ nínú ọgbà òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi ẹ̀bá kànga sílẹ̀ títí tí ẹyin yẹn yóò fi pa."

"Ìgbà wo ni yóò pa?"

"Ó lè tó oṣù méje, sà."

"Oṣù méje! Ọmọ ènìyàn gan-an, mẹ́sàn-án ni."

Mo ṣàlàyé fún wọn. Agẹmọ ń yé ẹyin nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹyin á sùn gba inú ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, á sì pa nígbà tí òjò bá padà tí kòkòrò wẹ́wẹ́ ti pọ̀ tí ọmọ yóò jẹ. Irú kan wà ní Madagásíkà, Furcifer labordi, tí ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2008. Oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ló fi ń wà nínú ẹyin. Bó bá jáde, oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló ń lò láyé kó tó kú. Ìyẹn ni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Bàbá gbọ́ èyí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lóko kòkó bàbá àwọn, àdá ni wọ́n fi ń roko, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí agẹmọ lórí kòkó. Láti ìgbà tí oògùn koríko ti dé, wọ́n lè lo ọdún kan kí wọ́n má rí ẹyọ kan.

Wọ́n gbà láti bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé àti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀yìnkùlé kẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n tówó bá wà, mi ò ní dúró dè é."

Ní Oṣù Kọkànlá, ẹni tó ń bá wọn fín oògùn koríko dé, ẹ̀rọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, pé èmi àti àwọn ọmọ ni a ó máa tu koríko ibẹ̀. A sì ń tu ú ní gbogbo Sátidé. Ohun tó ṣòro fún àwọn ọmọ láti gbà ni pé kì í ṣe agẹmọ nìkan ni oògùn yẹn ń bá jà. Agẹmọ ò jẹ koríko. Tata, eṣinṣin àti kòkòrò tó wà lára koríko ló ń jẹ. Bí koríko bá kú tán, àwo oúnjẹ rẹ̀ ti ṣófo.

Adìẹ ló kàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kejìlá mo bá àgbébọ̀ Màmá onílé tó ń tan ilẹ̀ ní ojú ibẹ̀ gan-an. Ó ti hú erùpẹ̀ tó jìn tó ọmọ ìka kan. N kò tú ẹyin wò láti mọ̀ bóyá nǹkan ti ṣe é, ẹ̀kọ́ kan sì ni èyí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹyin adìẹ la lè yí sọ́tùn-ún sósì, ìyá rẹ̀ gan-an ń yí i. Ti ọ̀pọ̀ ẹranko afàyàfà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ òkè ẹyin láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n yé e, bí a bá yí i dà, a lè pa á láìmọ̀. Mo dá erùpẹ̀ padà, mo da àgò adìẹ bo ojú ibẹ̀, mo gbé òkúta mẹ́ta lé e. Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí ilẹ̀ ń sán, mo da ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sínú àgò náà kí oòrùn má baà fa gbogbo ọ̀rinrin ilẹ̀ tán.

Ọjọ́ tó bà mí nínú jẹ́ jù lẹ́yìn ikú ìyá ni ọjọ́ kan láàárín Oṣù Kìíní ọdún 2023. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí típà gbé iyanrìn dé. Awakọ̀ fi ẹ̀yìn wọlé, ó sì da gbogbo ẹrù sílẹ̀ láàárín kànga àti ògiri. Nígbà tí mo dé ní aago mẹ́ta, n kò rí àgò, n kò rí òkúta, òkìtì iyanrìn tó ga tó àyà mi ni mo rí. Ọmọ tó mú búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ kó o. Òun nìkan ló dá a bẹ̀rẹ̀, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. A gba ṣọ́bìrì kan lọ́wọ́ aládùúgbò, àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí a kan ilẹ̀ mo ní kí a fi í sílẹ̀, kí a máa fi ọwọ́ kó o. Ìyá Ìbejì mú páànù jáde. Kó tó di aago méje, àgò ti yọ, ó ti fọ́ pẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n òun ló gba ìwúwo náà dúró. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò kì ju bó ṣe wà lọ. Nínú àwọn tó ń fi ọwọ́ kó iyanrìn lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ káfíńtà wà níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò bi í.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n owó dé. Gbogbo wa rántí Oṣù Kejì ọdún 2023, tí wọ́n ní owó àtijọ́ ò ní í ná mọ́, tí owó tuntun ò sì sí ní báǹkì, tí àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń pọ owó. Bíríkìlà kò gba tiránsífà, àwọn ọmọ tó ń pò sìmẹ́ǹtì fún un kò gbà á pẹ̀lú, Bàbá ò sì rí owó gidi fà. Iyanrìn jókòó síbẹ̀, sìmẹ́ǹtì wà nínú ilé. Ìyà tó jẹ gbogbo ìlú ló fún ẹyin yẹn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ lọ́jọ́ 3 Oṣù Kẹta pé owó àtijọ́ ṣì ń ná, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ tí bíríkìlà dé ẹ̀yìnkùlé, Bàbá fúnra wọn ló dúró tì í pẹ̀lú téépù. Wọ́n wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú àti mẹ́rin ní òró, wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí i ká, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí kọnkéré dúró. Bíríkìlà béèrè bóyá wọ́n fẹ́ gbin òdòdó. "Rárá," Bàbá ní, "ẹnì kan ń sùn níbẹ̀." Wọ́n jẹ́ kí kọnkéré náà dà síhà gọ́tà kí omi má baà rọ́ wọ ojú ibẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì. Ẹyin tó bá wà nínú omi yóò rà ni.

Níbi tí mo dé yìí, mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa òfin, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń béèrè. Lórí ìwé, agẹmọ yìí kò sí lára àwọn ẹranko tó fẹ́ parun. Ní 2022, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature tó yẹ 10,196 irú ẹranko afàyàfà wò, ó sì rí i pé nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wà nínú ewu píparun. Agẹmọ tiwa kò sí lára wọn. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko igbó kọjá ààlà, ti fi Chamaeleo sínú Àfikún Kejì rẹ̀ láti 1977, kí ẹnikẹ́ni má baà kó o kọjá ààlà tà láìgba ìwé àṣẹ, nítorí àwọn òyìnbó tó ń fi í ṣe ohun ọ̀sìn. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní 1974, a sì ṣe òfin tiwa lé e lórí ní 1985. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà ni òfin yẹn ń ṣọ́. Agẹmọ gbígbẹ tó wà lórí àtẹ lẹ́kulẹ́ja kò kọjá ààlà kankan, èyí tí wọ́n sọ lókùúta kò kọjá, èyí tí ẹyin há sí nínú nítorí pé gbogbo ọgbà ti di kọnkéré kò sì ní hàn nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹranko lè máa wà lókè nínú ìwé kó sì ti tán ládùúgbò. Ní Párákìn, láàárín ọdún tí mo gbé níbẹ̀, ọgbà mẹ́fà tó yí wa ká ni wọ́n da kọnkéré bò láti ẹnu géètì dé ògiri ẹ̀yìn.

Ní Oṣù Kẹrin, lẹ́yìn òjò kejì, ìjàlọ là gba ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù náà kọjá. A da eérú yí ibẹ̀ ká, wọ́n sì yà. Àwọn kan ní kí n da kẹrosíìnì sí i. N kò gbà, kẹrosíìnì á rìn wọlẹ̀ lọ bá ẹyin.

Ní ọjọ́ Sátidé, 29 Oṣù Kẹrin, òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Ọjọ́ 203 ti kọjá. Ìbejì méjèèjì ló kan ilẹ̀kùn mi kí n tó jí dáadáa. Ihò kékeré kan ti wà nílẹ̀ tí ọmọ ìka mi ò lè wọ̀, orí kan sì wà lẹ́nu rẹ̀, kò tóbi ju èkánná mi lọ. Ó gbé ojú kan sí wa, ó gbé èkejì sí ọ̀run. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó fa ara rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìrìn ìyá rẹ̀ ló ń rìn. Gbé ẹsẹ̀, mì síwájú, mì sẹ́yìn, gbé e lélẹ̀. Kò rí ìyá yẹn rí.

Mọ́kàndínlógún la kà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Eléyìí tí mo wọ̀n gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, tìrù-tìrù. Kí a tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, akọ alángbá kan tí orí rẹ̀ pupa fò sọ̀ láti orí ògiri, ó gbé ọ̀kan mì, ó tún gbé èkejì. Àwọn ọmọ fẹ́ pa alángbá náà. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ló ń wá. A kó àwọn tó kù sínú apẹ̀rẹ̀ tí a to ẹ̀ka ewúro sí, a gbé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà sí ìdí rẹ̀ kí kòkòrò lè bà lé e. Ní ọjọ́ kejì mo rí i tí ọ̀kan nínú wọn kọjú sí kòkòrò èso kan. Ojú méjèèjì tó ti ń wo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá pàdé níwájú, ó yọ ẹnu díẹ̀, n kò sì rí ahọ́n náà. Kòkòrò ti wà níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú Ìbejì gbé ọmọ agẹmọ kan lé aṣọ pupa, ó fẹ́ kó di pupa. Ìtàn agẹmọ àti Olókun ló ní lọ́kàn, bí agẹmọ ṣe ń dá gbogbo aṣọ tí Olókun bá ró. Ọmọ náà kò di pupa. Ó ṣú, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó la ẹnu. "Ẹ̀rù ń bà á," mo ní. Àwọ̀ agẹmọ kì í ṣe jíǹgí ohun tó dúró lé. Ooru, ìbẹ̀rù, ìjà àti ìfẹ́ ló ń hàn lára rẹ̀. Ní 2015 àwọn onímọ̀ ní Geneva fi hàn lára agẹmọ Madagásíkà kan pé àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní kírísítálì, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ló tò sínú awọ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, wọ́n á sún mọ́ra, bí inú rẹ̀ bá ru, wọ́n á jìnnà síra, ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ lù wọ́n á sì yí padà. Ìbejì náà gbé e kúrò lórí aṣọ pupa, ó dá a padà sórí ewúro, ó sì wò ó títí tó fi mọ́ padà.

Ọ̀kan kú nínú apẹ̀rẹ̀. A tú mẹ́fà sílẹ̀ sínú ewúro wa, a gbé mẹ́wàá lọ sí igbó tó wà létí odò, níbi tí ilé kò tíì dé. Ní 13 Oṣù Karùn-ún mo fi ṣíbí tú ilẹ̀ náà. Èèpo ẹyin 22 tó ti là ló wà níbẹ̀, funfun, ó rọ̀ bí awọ, pẹ̀lú márùn-ún tó ti bu. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lápapọ̀ ni ìyá yẹn gbé sínú sọ̀ kalẹ̀ láti inú ewúro. Mẹ́ta jáde tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí wọn.

Ìyá Ìbejì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún àwọn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin náà láti gbin tẹ̀tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fa àríyànjiyàn díẹ̀, nítorí ilẹ̀ wọn ni lóòótọ́ ju tèmi lọ. Wọ́n ti gbé ilé náà pẹ́. Bàbá ló parí rẹ̀. Wọ́n lè gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ láti Oṣù Karùn-ún, kí wọ́n sì ká a tán kí Oṣù Kẹsàn-án tó wọlé. Láti ìgbà náà títí òjò yóò fi padà, ọkọ́ kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é.

Mo rí ọ̀kan nínú ewúro ní Oṣù Kẹsàn-án, ó ti gùn ju ọmọ ìka mi lọ. Abo kankan kò tíì sọ̀ kalẹ̀ wá yé síbẹ̀. Ní gbogbo Oṣù Kẹwàá, kí n tó ká aṣọ, ẹ̀bá kànga ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.